Bíréèkì tí a bílíìdì tán tí kò le: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀ nílé

Òkè ló yí Iléṣà ká. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe ń dà gẹ̀rẹ́ lápá Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó bá sì ń gba Imèsí-Ilé mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí bíréèkì níbẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ pẹ́dà tó ń wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bílíìdì bíréèkì (ìyẹn ni lílé afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì àtijọ́ jáde nínú rẹ̀) fúnra wọn ní àgbàlá ilé, iṣẹ́ náà kò sì le: ọ́ìlì tuntun, rọ́bà tín-ín-rín kan, sípánà kan, àti ẹnì kan tí yóò máa tẹ pẹ́dà. Ohun tó ń dààmú èèyàn ni ohun tó ń tẹ̀lé e. A bílíìdì tán, pẹ́dà ṣì rọ̀ bíi kànìnkànìn. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sáré lọ ra másítà sílíńdà (ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì kí ọ́ìlì lè lọ sí bíréèkì táyà), owó á lọ, pẹ́dà ò sì ní yí padà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Pẹ́dà máa ń sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹsẹ̀ tó bá fara balẹ̀. Èyí tó rọ̀, èyí tó ń rì díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń gòkè bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àti èyí tó le koko bí òkúta: àìsàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn ò sì papọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí a ń bá nínú bíréèkì lẹ́yìn bílíìdì, àwa tí a ń bílíìdì náà la fi ọwọ́ ara wa kó o wọlé. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí, kí a tó wá bọ́ sórí ibi tó ti ń wọ́.

Ohun tó wà nínú páìpù

Orúkọ lásán ni ọ́ìlì tí a ń pè é. Kẹ́míkà glycol ni wọ́n fi ṣe DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, àwọn irú ọ́ìlì bíréèkì tó wà. Agbára ẹsẹ̀ yín ń dé ọ̀dọ̀ táyà nítorí pé ohun olómi kò ṣeé fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Bí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ fún un pọ̀ ná kí pádì tó gbá dísìkì (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí) mú, ohun tí ẹ ń pè ní pẹ́dà rírọ̀ nìyẹn.

Glycol a máa fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nígbà òjò. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó títí ooru á fi dé 205°C. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C lásán ti tó láti mú un hó. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C nígbà tó wà ní tuntun, 155°C nígbà tó bá ti fa omi. Èyí ló fà á tí pẹ́dà kan fi lè dára láàárín ìlú, kó wá wọlẹ̀ pátá ní ìsàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ gígùn, kó sì tún padà sípò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sinmi. Omi inú ọ́ìlì ló hó, ó di èéfín, èéfín sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí àpèjúwe yìí bá bá tiyín mu, bílíìdì díẹ̀díẹ̀ ò lè wò ó sàn: gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ lo jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì bá bíréèkì gbé ẹrù náà.

DOT 5 yàtọ̀. Sílíkónì ni, kì í sì í ṣe ọmọ ìyá DOT 5.1 bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ẹ má pò ó mọ́ àwọn tó kù láéláé.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Ọ́ìlì bíréèkì líta kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ìdajì líta tó bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan lẹ fẹ́ lé jáde, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ bíi líta kan. Ìdérí ike ọ́ìlì tó wà lórí másítà ni wọ́n máa ń kọ DOT tí ọkọ̀ ń lò sí. Èyí tó kù nínú ike tí ẹ ti ṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má lò ó.

Ríìngì sípánà tó bá nípù (nọ́ọ̀tì kékeré oníhò lára bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan, tí a ń tú kí ọ́ìlì lè jáde) mu gẹ́lẹ́: 8 àti 10 ló wọ́pọ̀, àwọn ọkọ̀ kan ń lo 11. Rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀, tí ihò rẹ̀ tó milimítà 5, gígùn rẹ̀ ìdajì mítà, tó sì fún nípù pinpin. Ike omi òfìfo tí ẹ dá ihò sí lórí ìdérí. Sìríńjì ńlá láti ilé oògùn, tí ẹ máa fi fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, èyí tó máa wà lábẹ́ pẹ́dà. Àkísà, àti omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi náà ṣe pàtàkì, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bó bá ta sí ara mọ́tò, ẹ da omi lé e lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi àkísà gbẹ nù ún, ńṣe lẹ kàn ń pa á káàkiri.

Ọ̀pọ̀ àgbàlá nílùú wa ló dà gẹ̀rẹ́. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi há àwọn táyà tó kù nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ fi sítáńdì irin tì í kí ẹ tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í ṣe sítáńdì. Ó lè dúró bí akọni fún wákàtí kan, kó sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkìlọ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà bí ẹ̀ẹ̀mẹfà títí yóò fi le díẹ̀. Ẹ nu ìdérí ike ọ́ìlì dáadáa kí ẹ tó ṣí i, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń fẹ́. Ẹ fi sìríńjì fa ọ́ìlì dúdú jáde, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ihò ìsàlẹ̀ ike hàn. Ẹ da tuntun sí i dé ojú ìlà MAX.

2. Táyà tó jìnnà jù sí másítà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ nǹkan mìíràn, ti ìwé náà ni kí ẹ ṣe, torí àwọn ọkọ̀ kan wà tí páìpù wọn so iwájú ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn òsì.

3. Ẹ fi sípánà sórí nípù ná, kí ẹ tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ike omi òfìfo yẹn kí ẹnu rọ́bà lè rì sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ike náà síbi tó ga ju nípù lọ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀.

4. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́, yóò sì dì í mú. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé. Bó bá jẹ́ àbúrò yín ló jókòó síbẹ̀: "Tẹ̀ ẹ́." "Mo ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ẹ yí nípù sílẹ̀ bí ìdámẹ́rin ìyípo, pẹ́dà á wọlẹ̀. Kó tó kan pákó, ẹ ti nípù. "Mo ti tì í, gbé ẹsẹ̀." Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kó tó gbọ́ èyí. Bó bá jẹ́ àgbà lẹ bẹ̀ lọ́wẹ̀, ẹ má tìtorí ìtìjú dákẹ́: "Ẹ má tíì gbé e, sà" kì í ṣe àrífín.

5. Lẹ́yìn títẹ̀ márùn-ún márùn-ún, ẹ wo ike ọ́ìlì kí ẹ sì rọ ọ́ kún. Ike náà kéré. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, afẹ́fẹ́ ti wọ másítà, ẹ ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

6. Bí ọ́ìlì bá ti ń jáde láìní ìfófó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́, ẹ ti nípù. Ẹ má fi gbogbo agbára tì í: fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bíi 8 Newton-mítà ló tó, ìyẹn ni pé kí ẹ fi ọwọ́ kan fà á lórí sípánà kúkúrú. Ẹ dá ìdérí rọ́bà rẹ̀ padà, kí eruku má baà dí i.

Pákó abẹ́ pẹ́dà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nínú másítà tó ti pẹ́, ibi tí rọ́bà inú rẹ̀ ti ń lọ tó sì ń bọ̀ lójoojúmọ́ máa ń dán. Ìsàlẹ̀ tí kì í dé ti hu ìpẹtà. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, rọ́bà yóò gun orí ìpẹtà yẹn, yóò sì ya. Báyìí ni másítà tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ṣe ń bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí a bílíìdì rẹ̀.

Nípù tí kò yí

Ẹ má fi fúláàtì sípánà tàbí sípánà Gíríìpù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ń jẹ orí nípù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà gbo ìpẹtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ́n WD-40 sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, tàbí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní igun mẹ́fà (igun méjìlá máa ń yọ̀) bọ̀ ọ́ lórí, kí ẹ fi òòlù kékeré gbá a lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é sí i díẹ̀ ná kí ẹ tó tú u. Bó bá mi, ẹ máa dè é, ẹ máa tú u, díẹ̀díẹ̀.

Bí nípù bá já sínú kálípà (irin tó di pádì mú sára dísìkì), gbígbẹ́ ẹ jáde ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìjókòó tó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀ ihò yẹn ló ń dá ọ́ìlì dúró. Bí irin bá ha á, yóò máa jò títí. Kálípà bẹ́ljíọ́ọ̀mù tó dára, tí rọ́bà rẹ̀ ò tíì gbó, sàn ju kí ẹ fi ìjókòó tó ti bàjẹ́ wakọ̀. Ẹ fi wọ́ṣà bàbà tuntun sí bóòtù hóòsì nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, torí ti àtijọ́ ti tẹ́.

A ṣí nípù, nǹkan kan ò jáde

Ẹ tú nípù náà kúrò pátá. Bí ọ́ìlì bá ń kán láti ojú ihò, nípù ló dí: ẹ fi wáyà tín-ín-rín gún ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ti àárín. Bí ihò náà bá gbẹ, ẹ lọ síbi tí hóòsì rọ́bà ti pàdé páìpù irin, kí ẹ tú u díẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ń tẹ pẹ́dà. Ọ́ìlì dé ibẹ̀, kò dé nípù: hóòsì ti wú nínú, ó ti pa ara rẹ̀ dé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìta hóòsì bẹ́ẹ̀ lè máa dán bíi tuntun.

Fún Hilux, HiAce àtàwọn ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn, ẹ wo ẹ̀yìn lábẹ́ kí ẹ tó bínú. Fáàfù kan wà níbẹ̀ tí apá irin so mọ́ ásíìlì. Òun ló ń díwọ̀n bíréèkì ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè tí táyà ń fì, fáàfù yẹn á rò pé kò sí ẹrù, á sì dín ọ́ìlì kù. Ẹ fi ìwúwo ọkọ̀ lé ásíìlì kí ẹ tó bílíìdì ẹ̀yìn.

Ìfófó tí kò tán

Líta kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìfófó kò dáwọ́ dúró. Ẹ wo bó ṣe rí. Ìfófó kéékèèké tó ń jáde ní ìtẹ̀léra, tí kò pọ̀ sí i tí kò sì dín kù, sábà máa ń wá láti ẹsẹ̀ nípù fúnra rẹ̀: afẹ́fẹ́ ń gba ojú ìlà nípù tí ẹ tú jù wọlé sínú rọ́bà. Kò sí nínú bíréèkì rárá. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa ọ́ìlì jáde ló ń rí èyí jù. Ẹ dín bí ẹ ṣe ń tú u kù, kí ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún rọ́bà bíréèkì pa ìta ẹsẹ̀ nípù, kí ẹ sì rí i pé rọ́bà fún ẹnu rẹ̀ pinpin.

Ìfófó ńlá tó ń wá lójijì, tó dáwọ́ dúró, tó tún wá, afẹ́fẹ́ gidi nìyẹn. Ẹ lé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bá ń tẹ pẹ́dà gbà-gbà-gbà, ó ń po ọ́ìlì pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń po ọṣẹ. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ìfófó kéékèèké lè para pọ̀ kó sì gòkè, kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Bí ẹ kò bá rí ẹni bá yín tẹ pẹ́dà, ẹ ṣí nípù, kí ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì máa kán fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa ṣọ́ ike ọ́ìlì. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í kó afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, kì í sì í ba másítà jẹ́.

Pẹ́dà ṣì rọ̀

Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibi tó dúró sí. Ẹ gbé ẹsẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá gòkè, tó sì le dáadáa lórí ibi tuntun yẹn, láìrọ̀ bíi kànìnkànìn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Ṣúù ẹ̀yìn (ohun tó ń fún dúróòmù láti inú) ló jìnnà sí dúróòmù, irin rìbìtì tó ń bá táyà ẹ̀yìn yí. Títẹ̀ àkọ́kọ́ ń gbé ṣúù sún mọ́ dúróòmù, ìkejì ló ń fún un mọ́ ọn. Bí handbrake bá ń gòkè jù kó tó mú ọkọ̀, àmì kan náà nìyẹn. A ò lè ka iye líta ọ́ìlì tí wọ́n ti fi ṣòfò nítorí ṣúù tí ẹnì kan gbàgbé láti sún. Ẹ sọ handbrake sílẹ̀, ẹ gba ihò kékeré ẹ̀yìn pílétì tàbí ojú dúróòmù fi sikuru-díráfà yí kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà láàárín ṣúù méjèèjì títí táyà ò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí fàlàlà, tí ẹ ó sì máa gbọ́ ìró fífà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kó rí bákan náà.

Ohun mìíràn tó tún ń fa èyí ni bẹ́ríìnì táyà tó mì. Bí táyà bá ń mì, dísìkì á máa ti pádì sẹ́yìn nínú ìrìn, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ á sì wọlẹ̀. Ẹ mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í.

Bó bá gòkè ṣùgbọ́n tó ṣì ń fì lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbì kan. Ibi àkọ́kọ́ tí a máa wò ni ipò nípù lára kálípà. Òkè pátápátá ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹnì kan bá ti fi kálípà ọ̀tún sí òsì, yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, yóò sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nípù á wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wà lókè, ẹ ó sì bílíìdì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ra kálípà bẹ́ljíọ́ọ̀mù méjì nílé ìtajà, kó gbé wọn kọ́ sí ipò tí wọ́n máa wà kó tó sanwó.

Ibi kejì ni másítà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí tí ike gbẹ. Afẹ́fẹ́ inú másítà kì í fẹ́ẹ́ bá páìpù gígùn lọ dé ẹ̀yìn. Másítà tuntun yẹ kó ti bílíìdì kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀: ẹ fi fáìsì dì í mú kó tẹ́jú, ẹ fi rọ́bà kéékèèké so ẹnu ihò rẹ̀ padà sínú ike, kí ẹ fi igi rora ti písítìnì rẹ̀ títí ìfófó á fi tán. Bó bá ti wà lára ọkọ̀, ẹ fi àkísà yí i ká, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù ara rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tú nípù, kí ẹ dè é kó tó gbé ẹsẹ̀.

Ibi kẹta ni ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Bí ike bá gbẹ pátá, afẹ́fẹ́ lè wọ inú àpótí ABS, kó sì fara pamọ́ sẹ́yìn fáàfù tí pẹ́dà ò lè ṣí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ ló ń pàṣẹ fún fáàfù yẹn. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àsìkò ti tó láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ háíbíríìdì bíi Prius náà ń fẹ́ irú kọ̀ǹpútà yìí, ẹ má dá a ṣe nílé láìsí i.

Tí ẹ ò bá mọ táyà tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ lo ohun tí wọ́n fi ń fún hóòsì pa, èyí tí ẹnu rẹ̀ yípo, kí ẹ fún hóòsì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ ga kó sì le bí òkúta. Bí kò bá le, inú másítà, páìpù tàbí ABS ni ọ̀ràn wà. Bó bá le, ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí pẹ́dà bá wọlẹ̀ nígbà tí ẹ tú u ló ní àlébù. Sípánà Gíríìpù ń gé inú hóòsì, ẹ má lò ó. Hóòsì tó ti lanu, ẹ má fún un pa rárá, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ sì wo hóòsì nígbà tí ẹnì kan bá tẹ pẹ́dà tagbára-tagbára: èyí tó bá ń wú bí ọ̀nà ọ̀fun, òun ló ń gba agbára ẹsẹ̀ yín.

Pẹ́dà tó ń rì

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà níwọ̀nba, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Pé ó wọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàn kò burú, búsítà (ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti ti másítà) ló gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ títí lọ, ẹ wo ike. Bí ọ́ìlì inú ike bá ń dín kù, ó ń jò: ẹ wo inú dúróòmù, ẹsẹ̀ nípù, ojú hóòsì, gbogbo páìpù. Bí ìta bá gbẹ síbẹ̀ tó ń dín kù, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjì tó so másítà mọ́ búsítà, kí ẹ fà á síwájú díẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jò láti ẹ̀yìn másítà sínú búsítà ò hàn síta. Bí ọ́ìlì ò bá dín kù rárá, rọ́bà inú másítà ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì yí padà sẹ́yìn. Ìgbà yìí gan-an ni ríra másítà tọ̀nà.

Pẹ́dà tó le tí ọkọ̀ ò dúró

Bílíìdì ò kan èyí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lé e, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá mì, ẹ wo rọ́bà tó ti ẹ́ńjìnnì wá sí búsítà bóyá ó ti lanu, àti fáàfù orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni búsítà fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ọ̀tún nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, òsì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Táyà tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, tí pádì rẹ̀ ò tú sílẹ̀, ẹ gbé e sókè kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Bí kò bá yí, ẹ ṣí nípù rẹ̀. Bó bá yí lójú ẹsẹ̀ tí ọ́ìlì ta jáde, hóòsì ló dí nínú, ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó padà. Bí kò bá yí síbẹ̀, písítìnì kálípà tàbí píìnì rẹ̀ ló há.

Pẹ́tíróòlù àti kẹrosíìnì

Èyí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń kà á sí lọ. Rọ́bà inú bíréèkì, irú rọ́bà kan tó ń jẹ́ EPDM ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Glycol ò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n pẹ́tíróòlù, kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì jíà ń mú un wú, ó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Fífi pẹ́tíróòlù fọ kíìtì kálípà kí wọ́n tó tò ó jẹ́ àṣà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Bíréèkì á dára fún ọ̀sẹ̀ kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí há. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni kí ẹ fi fọ ohun inú, tàbí spirit tó máa ń gbẹ.

Bí ẹ bá fura pé ẹnì kan ti da ọ́ìlì mìíràn sínú ike, ẹ wo rọ́bà abẹ́ ìdérí. Bó bá wú, tí kò wọ ipò rẹ̀ mọ́, ẹ má wakọ̀ náà. Ẹ fi sìríńjì fa díẹ̀ sínú gíláàsì omi. Glycol á pò mọ́ omi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á léfòó lórí rẹ̀. Bó bá léfòó, fífọ̀ páìpù nìkan ò tó: másítà, hóòsì, kíìtì kálípà, sílíńdà ẹ̀yìn, gbogbo ohun tó bá ní rọ́bà ni ẹ máa pààrọ̀.

Kí ẹ tó bọ́ sójú títì

Ẹ rọ ọ́ìlì dé MAX, ẹ má jẹ́ kó kọjá rẹ̀, kí ẹ dé e. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà tagbára-tagbára fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ nípù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wakọ̀ nínú àgbàlá tàbí ojú ọ̀nà àdúgbò tó tẹ́jú, kí ẹ má kọjá bí 20 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kó dúró gbọnrangandan, ní ibi kan náà nígbà gbogbo. Bí iná bíréèkì bá ṣì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má gbé e jáde. Ìdagẹ̀rẹ́ Erin-Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ibi ìdánwò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún wo ike, kí ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan bóyá ó tutù. Ọ́ìlì àtijọ́ tó wà nínú ike omi yẹn, májèlé ni, ó sì dà bí ohun mímu lójú ọmọdé: ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ike lónìí kan náà, ẹ gbé e sókè, ẹ má dà á sínú gọ́tà. Ẹ gbé e lọ sílé iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń kó ọ́ìlì àtijọ́ jọ.